Bí A Ṣe Ń Gba Omi Òjò, Omi Kànga àti Omi Odò Ògùn Sílẹ̀ fún Àyẹ̀wò Áísótóòpù ní Abẹ́òkúta

Ní àdúgbò kan ṣoṣo ní Ọbáńtokò, ẹ lè bá kànga tí wọ́n fi ọwọ́ gbẹ́ tó jìn ní mítà 8, borehole tó jìn ní mítà 60, àti dúrọ́ọ̀mù òjò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Omi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ gaara. Kò sẹ́ni tó lè fi ahọ́n mọ èyí tó rọ̀ lọ́dún yìí yàtọ̀ sí èyí tó ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó bí ẹni tó gbẹ́ kànga. Áísótóòpù inú omi náà, ìyẹn àwọn ẹ̀yà átọ́ọ̀mù kan náà tí ìwúwo wọn yàtọ̀ síra, mọ̀ ọ́n. Ohun tí ẹ̀rọ tó ń ka áísótóòpù kò mọ̀ ni bóyá ìdérí ìgò yín le dáadáa. Omi tó bá ti gbẹ díẹ̀ nínú ìgò kó tó dé láàbù máa fún yín ní nọ́ńbà tó dán gbinrin, tó sì jẹ́ irọ́. Nítorí náà, a máa pẹ́ lórí àrọ, rọ́bà àti ìdérí níbí ju lórí ẹ̀rọ olówó gọbọi lọ.

Ohun tí à ń wá nínú omi

Gbogbo átọ́ọ̀mù ọ́síjìn ló ní púrótọ́ọ̀nù 8, ṣùgbọ́n ìwọ̀n wọn kò dọ́gba. Èyí tó pọ̀ jù ní níútírọ́ọ̀nù 8, òun là ń pè ní ọ́síjìn-16. Àwọn díẹ̀ ní níútírọ́ọ̀nù 10, wọ́n sì wúwo jù ú lọ: ọ́síjìn-18 nìyẹn. Nínú omi òkun, bí ẹ bá ka mílíọ̀nù kan ọ́síjìn-16, nǹkan bí 2,005 ọ́síjìn-18 lẹ máa bá pẹ̀lú wọn. Háídírójìn náà ní ẹ̀yà tó wúwo, háídírójìn-2, tí Harold Urey àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ rí ní 1931. Òun ṣọ̀wọ́n gan-an: nǹkan bí 156 sí mílíọ̀nù kan èyí tó fúyẹ́.

Bí oòrùn bá ń fa omi lọ, èyí tó fúyẹ́ ló ń yá lára láti lọ. Bí ìkúukùu bá ń di òjò, èyí tó wúwo ló ń kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀. Ìkúukùu tó gbéra lójú òkun, tó sì ti da èyí tó wúwo nù lójú ọ̀nà, èyí tó fúyẹ́ ló kù sí i nínú. Ìdí nìyẹn tí òjò ńlá tó rọ̀ láti òru mọ́jú fi máa ń fúyẹ́ ju ọ̀wàrà kékeré tó kàn bomi rin eruku lọ. Willi Dansgaard, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Denmark, kọ nípa èyí ní 1964, ó sì hàn gedegbe nínú òjò ilẹ̀ olóoru bíi tiwa.

Ìyàtọ̀ náà kéré débi pé a kì í kọ iye átọ́ọ̀mù gan-an. A máa ń fi omi wa wé omi òdiwọ̀n kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ VSMOW, tí IAEA, àjọ àgbáyé tó ń rí sí agbára átọ́ọ̀mù, ń tọ́jú ní Vienna. Bí ẹlẹ́pà Kútọ̀ bá ní kóńgò òun kún ju ti ẹnìkejì òun lọ, kò jókòó ka ẹ̀pà, kóńgò ló fi wé kóńgò. Bẹ́ẹ̀ náà ni tiwa. Ìyàtọ̀ yẹn là ń pè ní dẹ́ltà, δ, a sì ń kà á ní ìdá ẹgbẹ̀rún, ‰. Bí δ18O omi kan bá jẹ́ −3‰, ohun tó túmọ̀ sí ni pé ọ́síjìn-18 inú rẹ̀ fi ìdá mẹ́ta nínú ẹgbẹ̀rún dín sí ti omi òdiwọ̀n.

Ohun èlò fún gbígba òjò

Ẹ wá kẹ́ẹ̀gì lítà 10 tó nípọn, tí wọn kò bu epo tàbí kẹrosíìnì sí rí. Ẹ wá àrọ oníke tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 16. Ẹ má kàn mú àrọ tó bá wà nílé: ẹ fi rúlà wọn ẹnu rẹ̀ láti etí inú dé etí inú, torí òun lẹ máa fi ṣírò òjò. Ẹnu tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 16 jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 201 níbùú-lóòró, nítorí náà òjò mìlímítà kan máa fún yín ní mìlílítà 20 omi. Oṣù tí òjò bá tó mìlímítà 300, ìyẹn lítà 6, kẹ́ẹ̀gì ṣì gbà á. Bí ẹ bá lo àrọ tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 20, òjò kan náà máa fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà 9 àtààbọ̀, ẹ̀rù kẹ́ẹ̀gì á sì máa bà yín ní gbogbo oṣù Okúdù.

Rọ́bà méjì ló kàn. Èkíní á so mọ́ ìdí àrọ, á gba inú ìdérí kẹ́ẹ̀gì kọjá, á sì sọ̀kalẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju mìlímítà 5 sí 6 lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé bí omi bá ti bo ẹnu rẹ̀ nísàlẹ̀, omi tó lè rí afẹ́fẹ́ nípasẹ̀ àrọ kò ju ìwọ̀nba tó wà nínú ihò rọ́bà yẹn lọ. Àwọn kan máa ń gé e kù ní àárín kẹ́ẹ̀gì torí pé ó ń ká. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti ṣí fèrèsé fún oòrùn. Ẹ fi ọ̀pá ike tó le dípò rẹ̀ bó bá ń ká. Kí ẹ tún fi pákó pẹlẹbẹ gbé ẹ̀gbẹ́ kan kẹ́ẹ̀gì sókè díẹ̀, kí ẹnu rọ́bà wà ní igun tó rẹlẹ̀ jù. Láìṣe bẹ́ẹ̀, òjò àkọ́kọ́ nínú oṣù á tẹ́ pẹrẹsẹ sí ìsàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì, kò sì ní bo ẹnu rọ́bà.

Rọ́bà kejì jẹ́ ti afẹ́fẹ́. Omi kò lè wọlé bí afẹ́fẹ́ kò bá rí ọ̀nà jáde: àrọ á kún, á sì dà sílẹ̀ nígbà tí kẹ́ẹ̀gì ṣì ṣófo. Àmọ́ ihò afẹ́fẹ́ lásán máa jẹ́ kí omi gbẹ. Ohun tí à ń ṣe ni pé a máa ń lo rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó gùn, ó kéré tán mítà 5, bó bá tó mítà 15 ó dáa jù. Ẹ ká a yí ara kẹ́ẹ̀gì, kí ẹ sì dojú ẹnu rẹ̀ kọ ilẹ̀. Afẹ́fẹ́ á gba ibẹ̀ jáde wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ooru omi, ìyẹn omi tó ti di afẹ́fẹ́, kò ní í tètè rìn jìnnà bẹ́ẹ̀. Ẹ fi gọ́ọ̀mù dí ibi tí rọ́bà méjèèjì ti gba ara ìdérí kọjá. Kí ẹ tó gbé e síta, ẹ bu omi lítà kan sínú àrọ. Bó bá wọlé láìdúró, tí ìrì kò sì yọ lára gọ́ọ̀mù, ó ti ṣe é lò. Ẹ da omi yẹn nù, kí ẹ sì jẹ́ kí kẹ́ẹ̀gì gbẹ pátápátá.

Ẹ ju bọ́ọ̀lù tẹníìsì orí tábìlì kan sínú àrọ. Bí òjò bá ń rọ̀, á léfòó, omi á wọlé. Bó bá dá, á jókòó sí ẹnu ihò bí ìdérí, ewé àti eṣinṣin kò sì ní rí ọ̀nà wọlé.

Àwọn kan fẹ́ràn òróró jù. Wọ́n á bu liquid paraffin sí ìsàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì kí ó léfòó sórí omi, kó nípọn tó ìdajì sẹ̀ǹtímítà. Nínú kẹ́ẹ̀gì lítà 10, ìyẹn jẹ́ bíi mìlílítà 200. Ó máa ń dá omi dúró dáadáa, ṣùgbọ́n bí ẹ̀kán òróró kan bá bá omi wọ inú ẹ̀rọ lésà tó ń ka áísótóòpù ní láàbù, iṣẹ́ bàjẹ́ nìyẹn. Rọ́bà ló tẹ́ wa lọ́rùn jù. Bí ẹ bá máa lo òróró, èyí tí ilé ìtajà oògùn ń tà ni, tí kò láwọ̀ tí kò sì ní òórùn. Kẹrosíìnì kọ́ o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ wọn jọra lẹ́nu àwọn kan.

Ibi tí kẹ́ẹ̀gì máa dúró sí

Kò gbọdọ̀ wà lábẹ́ igi máńgòrò, kò sì gbọdọ̀ gba omi tó ń ṣàn láti orí páànù. Páànù tó ti gbóná láti àárọ̀ máa ń gbẹ ẹ̀kán àkọ́kọ́ dànù kó tó dé gọ́tà, omi tó kù á sì wúwo ju òjò gan-an lọ. Bí ògiri bá ga ní mítà 3, ẹ sún kúrò ní ìdí rẹ̀ ní mítà 6. Kí ẹnu àrọ ga tó mítà kan sí ilẹ̀ kí ẹrẹ̀ má baà ta sí i, kí etí rẹ̀ sì tẹ́jú. Ẹ kọ́ àpótí pákó kékeré yí kẹ́ẹ̀gì ká, ẹ kùn ún ní funfun, kí àrọ nìkan yọ síta. Ẹ fi búlọ́ọ̀kù méjì ti ìdí rẹ̀. Ìjì tó máa ń ṣáájú òjò àkọ́rọ̀ lè gbé kẹ́ẹ̀gì òfìfo lọ, ewúrẹ́ kò sì mọ̀ pé iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì là ń ṣe.

Nígbà ọyẹ́, eruku á kún inú àrọ. Ẹ máa fi aṣọ gbígbẹ nù ún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀; ẹ má fi omi ẹ̀rọ fọ̀ ọ́ nígbà tó ṣì so mọ́ kẹ́ẹ̀gì. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ ilé pàápàá, torí ọmọ tó fẹ́ ran bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ lè fi ife omi kan ba iṣẹ́ oṣù kan jẹ́.

Ọjọ́ kìíní oṣù

Ẹ mú aago kan, ẹ má sì yí i padà: aago mẹ́jọ àárọ̀ dára. Ẹ yọ ìdérí kẹ́ẹ̀gì, ẹ fi ìdérí tí kò ní ihò dí i, ẹ rọra mì í yípo kí omi òjò àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn lè pò pọ̀. Ẹ fi ife onílà wọn gbogbo omi náà, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá rí mìlílítà 3,620, ẹ pín in pẹ̀lú 20.1, òjò oṣù yẹn jẹ́ mìlímítà 180. Nọ́ńbà yìí ṣe pàtàkì tó èyí tí láàbù máa fún yín, ẹ máa rí ìdí rẹ̀ nísàlẹ̀.

Ìgò mìlílítà 50 tàbí 60 ló tó, oníke líle tí wọ́n kọ HDPE sí ní ìdí, tí ìdérí rẹ̀ sì ní ìbòrí kékeré nínú. Ìgò dígí tí ìdérí rẹ̀ fún pinpin dára jù ú lọ fún omi tó máa pẹ́ ju ọdún kan lọ. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kò dára, bẹ́ẹ̀ ni ìgò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ti omi tí à ń rà mu, torí ooru omi máa ń gba ara wọn jáde díẹ̀díẹ̀. Ẹ bu omi kẹ́ẹ̀gì díẹ̀ ṣan ìgò lẹ́ẹ̀mejì, ẹ dà á nù, kí ẹ wá bu èyí tẹ́ ẹ fẹ́ tọ́jú. Ẹ kún un débi pé omi á wú lẹ́nu ìgò, kí ẹ tó dé e. Ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀: kò gbọdọ̀ sí èéfọ̀ afẹ́fẹ́ kankan tó ń sáré sókè. Ìgò tó kún dé ìdajì, omi inú rẹ̀ á máa gbẹ sínú àyè òfìfo yẹn, á sì máa gba ìdérí jáde nígbàkúùgbà tí ooru bá pọ̀. Ẹ fi téèpù iná dúdú yí ọrùn rẹ̀ ní ìgbà mẹ́ta.

Ẹ kọ orúkọ ibẹ̀, oṣù, ọjọ́ àti nọ́ńbà sí ara ìgò, kì í ṣe sórí ìdérí. Ìdérí máa ń pààrọ̀ ara wọn ní láàbù.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọn ìgò lórí ìwọ̀n tó lè ka ìdá ọgọ́rùn-ún gíráàmù, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́, ẹ tún un wọ̀n. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fo èyí, kò sì sí ohun tó rọrùn jù ú lọ nínú iṣẹ́ yìí. Bí gíráàmù 50 omi bá ti fi ìdajì gíráàmù dín, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ló lọ yẹn. Ìwọ̀nba yẹn lè ti δ18O sókè ní bíi 0.1 sí 0.2‰, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àṣìṣe ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kì í ju nǹkan bí 0.1‰ lọ. Kò sí ẹ̀rọ tó lè dá omi tó ti jò padà.

Oṣù tí òjò kò bá rọ̀ rárá, ẹ kọ «òjò kò rọ̀» sínú ìwé. Ẹ má fi àyè sílẹ̀ lófìfo. Lẹ́yìn ọdún méjì, kò sẹ́ni tó máa rántí bóyá ọ̀dá ni tàbí ìgbàgbé.

Kànga àti borehole

Ẹ má bu omi òkè kànga tó ti sùn mọ́jú. Ẹ lọ ní àárọ̀ lẹ́yìn tí àwọn ará ilé bá ti fa bíi garawa mẹ́wàá, kí ẹ jẹ́ kí ike ìfami rì sísàlẹ̀ dáadáa kí ẹ tó fà á sókè. Ẹ wọn jíjìn omi pẹ̀lú okùn: láti ẹnu kànga dé ojú omi. Ẹ bi wọ́n léèrè bóyá ọkọ̀ omi wá dà sínú kànga náà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, torí àwọn kan máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, áísótóòpù kò sì ní sọ fún yín.

Omi borehole tí ẹ máa gbà gbọ́dọ̀ wá láti ẹnu páìpù kó tó dé táǹkì orí òpó. Omi inú táǹkì dúdú tó ń jẹ oòrùn láti àárọ̀ dé alẹ́ kì í ṣe omi ilẹ̀ mọ́. Ẹ tan pọ́ǹpù, kí ẹ jẹ́ kí omi tó dúró nínú páìpù jáde tán. Ìṣirò rẹ̀ rèé: bí ihò náà bá fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 15, tí omi inú rẹ̀ sì ga ní mítà 20, lítà 353 ló wà níbẹ̀. Ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ là ń fà dànù, ó jẹ́ bíi lítà 1,060. Pọ́ǹpù tó ń fún yín ní lítà 50 ní ìṣẹ́jú kan á gba ìṣẹ́jú 21. Ẹ lè jẹ́ kí àwọn aládùúgbò máa pọn ọ́n, kí omi má baà ṣòfò. Bí ẹ bá ní tẹmómítà àti mítà EC kékeré tí wọ́n fi ń wọn iyọ̀ inú omi, ẹ máa kà wọ́n ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Ìgbà tí nọ́ńbà méjèèjì kò bá yí padà mọ́ ni kí ẹ gba omi.

Odò Ògùn

Etí odò kọ́ ni kí ẹ ti gbà á. Omi tó dúró lẹ́bàá òkúta ti gbóná, ó sì ti gbẹ díẹ̀. Láti orí afárá Láfẹnwá, ẹ ju ike tó ní okùn sí àárín ibi tí omi ti ń ṣàn. Bí ẹ bá wà nínú ọkọ̀ ojú omi, ẹ ri ìgò bọ̀ ọ́ ní sẹ̀ǹtímítà 30, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí ibi tí omi ti ń bọ̀, ẹ dé e sínú omi níbẹ̀. Omi odò máa ń ní ẹrẹ̀. Ẹ fi sìríńjì tì í gba inú asẹ́ 0.45 mikirómítà kọjá, kíá, láìjẹ́ kó dúró nínú ike gbalasa.

Omi tó ń jáde láti ibi tí wọ́n ti ń rẹ àdìrẹ ní Ìtòkú kò dára fún ẹ̀rọ lésà. Kì í ṣe pé aró yí áísótóòpù padà. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé iyọ̀ àti sódà rẹ̀ á dì sínú ẹ̀rọ, àwọn èròjà bí ọtí bá sì wà nínú omi, lésà lè ṣì wọ́n mú fún omi, á sì ka nọ́ńbà tí kò sí. Bí ẹ bá gba irú omi bẹ́ẹ̀, ẹ sọ fún láàbù ṣáájú.

Ẹ máa gba omi odò lóṣooṣù, kì í ṣe nígbà òjò nìkan. Odò Ọ̀yán tó ń ṣàn sínú Ògùn lókè Abẹ́òkúta ní dáàmù lórí láti 1983. Adágún gbalasa tó ń jẹ oòrùn ni, èyí tó fúyẹ́ ń lọ lójú rẹ̀ lójoojúmọ́. Omi tí wọ́n bá tú sílẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn máa ń gbé àmì oòrùn yẹn sọ̀kalẹ̀ wá sí Láfẹnwá. Òun lẹ fi lè mọ omi dáàmù yàtọ̀ sí omi tó ń sun láti abẹ́ àpáta.

Láàbù

Lónìí, ẹ̀rọ lésà ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù. Mìlílítà kan sí méjì ló ń béèrè. Á fa ẹ̀kán omi kan ní ìgbà mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á sì da èsì méjì tàbí mẹ́ta àkọ́kọ́ nù, torí omi ẹni tó ṣáájú ṣì ń gbóòórùn nínú ẹ̀rọ. Ẹ béèrè ohun mẹ́ta: omi òdiwọ̀n wo ni wọ́n lò láàárín omi yín, kí ni àṣìṣe wọn, ṣé wọ́n sì wọn ìgò kan lẹ́ẹ̀mejì láìmọ̀ pé ìkan náà ni. Èyí tó kẹ́yìn, ẹ̀yin lẹ máa ṣe é: ẹ fi omi kan náà sínú ìgò méjì, kí ẹ fún wọn ní nọ́ńbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àṣìṣe tó dáa fún δ18O ni 0.1‰, fún δ2H, ìyẹn dẹ́ltà ti háídírójìn-2, 1‰.

Kíka èsì

Ẹ ya gíráàfù: δ18O ní ìsàlẹ̀, δ2H lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní 1961, Harmon Craig fi hàn pé òjò gbogbo àgbáyé fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró lórí ìlà kan: δ2H = 8 × δ18O + 10. Omi tí oòrùn ti fà lẹ́yìn tó rọ̀ máa ń yà kúrò lórí ìlà yìí sí ọ̀tún, lórí ìlà tó rọ̀gbọ̀kú díẹ̀, tí gíga rẹ̀ jẹ́ bíi 4 sí 6 dípò 8. Ọ̀nà kúkúrú láti rí i ni d, ìyẹn δ2H dín 8 × δ18O. Òjò tó dáa máa ń ní d tó súnmọ́ 10.

A fi nọ́ńbà wọ̀nyí ṣe àpẹẹrẹ ni, ìwọ̀n gidi kọ́; δ18O ló ṣáájú, δ2H ló tẹ̀lé e. Òjò: −3.0 àti −14, d = 10. Kànga: −3.1 àti −15, d = 9.8, òjò tó rì wọlẹ̀ kíá ni. Odò ní oṣù Ẹrẹ́nà: +0.5 àti +3.5, d = −0.5, omi yẹn ti jókòó lójú oòrùn fún ìgbà pípẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín.

Kí ẹ tó fi kànga wé òjò, ẹ nílò òjò ọdún kan lápapọ̀, ibi tí ìwọ̀n kẹ́ẹ̀gì yín ti wúlò sì nìyí. Ẹ má kàn ro δ pọ̀ kí ẹ pín in. Ẹ ní oṣù mẹ́ta: mìlímítà 40 pẹ̀lú −0.5, mìlímítà 220 pẹ̀lú −3.2, mìlímítà 150 pẹ̀lú −3.8. Bí ẹ bá kàn pín δ sí mẹ́ta, −2.5 lẹ máa rí. Àmọ́ oṣù tó rọ̀ ní mìlímítà 40 kò rin ilẹ̀ tó oṣù tó rọ̀ ní 220. Ẹ sọ òjò oṣù kọ̀ọ̀kan di púpọ̀ pẹ̀lú δ tirẹ̀, ẹ ro wọ́n pọ̀, ẹ fi 410 pín in: −3.16. Kànga tó ka −3.1 bá èyí mu. Ẹni tó bá lo −2.5 á máa wá omi àjèjì kiri lábẹ́ ilé rẹ̀.

Bí borehole bá fúyẹ́ ju òjò gbogbo ọdún lọ, ohun méjì ló lè fà á. Ó lè jẹ́ pé òjò ńláńlá nìkan ló ń rì dé ìsàlẹ̀. Ó sì lè jẹ́ omi àtijọ́, tó rọ̀ nígbà tí ojú ọjọ́ yàtọ̀ sí tòní. δ nìkan kò lè dá ẹjọ́ yìí. A nílò aago.

Aago inú omi

Tritium, háídírójìn tó tún wúwo ju háídírójìn-2 lọ, ń dín sí ìdajì ní gbogbo ọdún 12.32. Àdó olóró alátọ́ọ̀mù tí wọ́n ń dán wò lójú sánmà sọ ọ́ di púpọ̀ nínú òjò, ó sì ga jù ní 1963. Omi tó ti wọlẹ̀ fún 70 ọdún ti pàdánù gbogbo rẹ̀ àfi nǹkan bí ìdá kan nínú àádọ́ta. Lítà kan ni kí ẹ gbà fún un. Ẹni tó wọ aago ọwọ́ tó ń tàn lókùnkùn kò gbọdọ̀ súnmọ́ ìgò, torí tritium ni wọ́n fi ń mú àwọn kan nínú wọn tàn.

Fún omi tó dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, kábọ́ọ̀nù-14 ni, tó ń dín sí ìdajì ní ọdún 5,730. Ẹ kíyè sí ibi tí ẹ dúró. Àríwá Abẹ́òkúta wà lórí akọ òkúta, níbi tí òkúta ẹfun kò ti pọ̀. Bí ẹ bá sọ̀kalẹ̀ lọ sí Ewékorò, òkúta ẹfun tó ti wà láti ìgbà Paleocene, láàárín 66 àti 56 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, ló wà lábẹ́ ilẹ̀. Kábọ́ọ̀nù inú òkúta yẹn kò ní kábọ́ọ̀nù-14 kankan mọ́. Bó bá yòrò sínú omi, omi òjò àná á máa pe ara rẹ̀ ní arúgbó. Wọ́n máa ń fi kábọ́ọ̀nù-13 ṣàtúnṣe rẹ̀: ti òkúta ẹfun súnmọ́ 0‰, ti ilẹ̀ oníigi tàbí oko ẹ̀gẹ́ súnmọ́ −25‰, oko àgbàdo súnmọ́ −12‰. Nítorí náà, ẹ kọ irúgbìn tó wà yí kànga ká sínú ìwé yín.

Ìwọ̀n kan náà tẹ́ ẹ gbà nínú kẹ́ẹ̀gì ni wọ́n ń kà nínú yìnyín Antarctica tó lọ sẹ́yìn dé 800,000 ọdún, òun náà ni wọ́n ń kà nínú karawun ẹran òkun. Nígbà tí yìnyín bo apá ńlá kan lára ilẹ̀ ayé ní nǹkan bí 20,000 ọdún sẹ́yìn, ọ́síjìn tó fúyẹ́ há sórí ilẹ̀, omi òkun sì fi bíi 1‰ wúwo sí i. Karawun tó dàgbà nínú òkun náà gbé àmì yẹn pamọ́.

Bí nọ́ńbà kò bá dá yín lójú

Òjò oṣù Agẹmọ tí d rẹ̀ wálẹ̀ sí 3, ẹ má tíì kọ̀wé nípa ìyípadà ojú ọjọ́. Ẹ kọ́kọ́ wo ìwọ̀n ìgò: ṣé ó dín? Òjò Ẹrẹ́nà tó ní d kékeré kò yani lẹ́nu, torí ẹ̀kán òjò máa ń gbẹ nínú afẹ́fẹ́ tó gbẹ kó tó dé ilẹ̀. Ti Agẹmọ, tí afẹ́fẹ́ tutù rinrin, kò ní àwáwí yẹn. Lẹ́yìn náà, bí ẹ bá ti kó ìgò kejì oṣù kan náà pamọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù tó ṣókùnkùn, ẹ fi í ránṣẹ́. Bí ó bá fún yín ní nọ́ńbà tó yàtọ̀, ìgò àkọ́kọ́ ló jò. Bí méjèèjì bá ń sọ ohun kan náà, ẹ jáde lọ yẹ kẹ́ẹ̀gì wò: rọ́bà ti yọ kúrò nínú omi, tàbí gọ́ọ̀mù ti là lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdérí.